Agogo Mẹ́rin Ìrọ̀lẹ́ Ni Ọkọ̀ Náà Ń Balẹ̀

Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán

Ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Mo kí ọ o, mo kí gbogbo ará ilé. Ṣé ara le koko? Ṣé orúnkún rẹ tó máa ń dùn ọ́ nígbà òtútù ti fúyẹ́ díẹ̀? Ọmọ rẹ obìnrin ńkọ́, ṣé ó ti sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀? Àwa náà wà níbí, à ń jẹ, à ń mu, adìẹ sì ń yé. Mo mọ̀ pé bí o ṣe rí ọwọ́ ìkọ̀wé mi lára àpòòwé yìí, inú rẹ á ti ru. O jàre. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́, má tíì fà á ya. Jókòó, kà á dé òpin, lẹ́yìn náà kí o fi ṣe ohun tó bá wù ọ́.

Láti ìgbà tí a ti jọ ń jókòó sórí àga kan náà ní iléèwé lo ti mọ̀ mí sí ẹni tí kì í tètè gba ọ̀rọ̀ gbọ́. Ìwọ lo sọ mí ní Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, lọ́jọ́ tí mo ka ṣọ́ọ̀kì olùkọ́ wa lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó gbà pé kò sí ẹni tó jí ọ̀kan nínú rẹ̀. Nígbà náà, ẹ̀rín la fi ń rín. Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Mo fura sí ọ, mo sì fi ìfura náà ba iṣẹ́ rẹ jẹ́. Bí mo ṣe wá mọ̀ pé ìwọ kọ́ ni mo fẹ́ rò fún ọ, mi ò sì ní fi ibì kankan pamọ́, títí kan ibi tó ń tì mí lójú.

O rántí bí a ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn lo kọ̀wé sí mi pé ilé iṣẹ́ yín tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ sọ ẹyin di ọmọ adìẹ ń wá oníbàárà lókèèrè. Mo ní báwo ni ọmọ adìẹ ọlọ́jọ́ kan ṣe fẹ́ rin ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án kìlómítà láìjẹ láìmu? O ṣàlàyé fún mi pé pupa ẹyin tó kù nínú wọn máa ń gbé wọn ró fún ọjọ́ méjì, bí wọ́n bá ṣáà ti rí afẹ́fẹ́ tó tutù. O kọ gbogbo àkókò ìrìn náà sílẹ̀ fún mi lórí ìwé kan. Agogo méje àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọkọ̀ òfurufú ń gbéra lọ́dọ̀ yín. Agogo márùn-ún ni lọ́dọ̀ wa nígbà náà, nítorí aago yín fi wákàtí méjì ṣáájú tiwa. Wákàtí mọ́kànlá lófurufú, ó di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ níbí. Ọkọ mi á gbé wọn ní pápákọ̀, á fi wákàtí mẹ́rin wa ọkọ̀ bọ̀ wálé, kí a tó lọ sùn, àwọn ọmọ adìẹ ti ń mumi lábẹ́ iná. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi rí bẹ́ẹ̀. Nínú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, mẹ́fà tàbí méje ló máa ń kú.

Ọdún tó kọjá ni nǹkan yí padà. Ọkọ mi lọ gbé ẹrù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kò sì wọlé títí di ọ̀sán Ọjọ́rú. Ó ní àwọn ọlọ́kọ̀ òfurufú ti yí ètò wọn padà, pé ọkọ̀ náà ń sùn ní ìlú kan lágbedeméjì, àfẹ̀mọ́júmọ́ Ọjọ́rú ló wá ń balẹ̀. Láti ìgbà náà, á kúrò nílé ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ní kí òun lè wà níbẹ̀ bí ilẹ̀ bá ṣe ń mọ́. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò rọ̀. Mi ò bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n la ti jọ ń gbé, kò purọ́ fún mi rí. Tàbí kí n sọ pé mi ò ká irọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ rí.

Bí àwọn ọmọ adìẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kú nìyẹn. Ogójì. Ọgọ́rin. Lọ́jọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, mo ṣí páálí, mo ka mẹ́tàlélọ́gọ́fà tó ti gan, ẹsẹ̀ àwọn tó kù sì gbẹ bí igi ìṣáná. Mo kọ̀wé sí ọ. O fèsì pé kò sí ohun tó yí padà, pé ọkọ̀ kan náà ni, agogo kan náà ni, kò sì dúró níbì kankan. Ara mi ò gbà á. Ẹni méjì ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò bára mu, ọ̀kan ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, èkejì wà lókèèrè réré. Ta lo rò pé màá gbà gbọ́? Mo kó àwọn lẹ́tà rẹ àtijọ́ jáde, mo tún wọn kà. Ibi tí o ti kọ ọ́ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, mo fa ìlà sí i. Ibi tí o ti kọ ọ́ pé oníbàárà ńlá kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, mo fa ìlà méjì. Mo wá tò ó pọ̀ lọ́kàn mi pé o ń fi àwọn tó dáa fún oníbàárà ńlá yẹn, o ń pa tèmi tì sínú páálí fún odindi ọjọ́ kan kí o tó gbé wọn sọ́kọ̀, o sì ń fi ẹnu dídùn bò ó mọ́lẹ̀.

Bí mo ṣe kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ nìyẹn. O mọ ohun tí mo kọ, nítorí ó ní òun fi hàn ọ́. Ó fèsì pé òun ti mú ọ kúrò ní yàrá tí ẹ ti ń di ọmọ adìẹ sí páálí, pé ibi tí wọ́n ti ń nu ẹyin ni o wà báyìí. Jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ: inú mi dùn. Mo ní mo ti ká ọ mọ́. Àmọ́ nígbà tí ẹrù tó tẹ̀lé e dé, àwọn ọmọ adìẹ ṣì ń kú. Ǹjẹ́ o mọ ohun tí mo sọ? Mo ní ẹni tí wọ́n fi rọ́pò rẹ ti kọ́ ìwà lára rẹ. Ojú mi ti fọ́ dé ibẹ̀ yẹn.

Ẹni tó là mí lójú ni nọ́ọ̀sì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí ilé kejì. Ó wá ra ẹyin, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní láti ìlú yín lòun ti wọkọ̀ wá. Mo ní ẹ kú ìrìn o, ọ̀nà jìn, pàápàá bí ẹ ṣe máa ń sùn lágbedeméjì yẹn. Ó wò mí bákan. Ó ní, “Sùn níbo, Màmá? A ò sùn níbì kankan o. Wákàtí mọ́kànlá péré. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun la balẹ̀. Mo tiẹ̀ ń gbọ́ tí ọmọ adìẹ ń ké ṣío ṣío níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù.” Ẹyin méjì bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó rò pé ara mi ni kò yá.

Ẹrù yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Tiwa ni. Ọjọ́rú ni ọkọ mi gbé e wálé, mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ló kú nínú rẹ̀. Ibo ló wà láti agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì? Mo jókòó sórí àpò oúnjẹ adìẹ, mo tún ìṣirò náà ṣe, mo yọ wákàtí mẹ́rin ojú ọ̀nà kúrò. Odindi wákàtí mẹ́rìndínlógún ló ṣẹ́ kù tí mi ò mọ ibi tó bá lọ. Ìwọ náà jẹ́ obìnrin, o mọ ibi tí ọkàn mi lọ tààrà.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti di ọlọ́pàá nínú ilé ara mi. Mo gbóòórùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, òórùn ọmọ adìẹ nìkan ni mo gbọ́. Mo béèrè ìwé tí wọ́n ń fún un níbi ìgbẹ́rù, ó ní omi dà sí i. Mo ní ti ìṣáájú ńkọ́, ó ní òun ò mọ ibi tó wà. Mo ṣàkíyèsí pé kì í lọ síbi ìpàdé àwọn awakọ̀ mọ́ nírọ̀lẹ́, ó sì fẹ́ràn ìpàdé yẹn ju oúnjẹ lọ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó kọsẹ̀ lára àpótí ìjókòó tó ti wà lójú kan láti ọdún mẹ́wàá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Mo sún mọ́ ọn bí ẹni tó fẹ́ dì í mú, ẹnu rẹ̀ ni mo ń gbóòórùn, bóyá ọtí ni. Kò sí ọtí. Ìyẹn tún dá kún ìfura mi. Mo ní ọkùnrin tí kì í jáde nírọ̀lẹ́, tí kì í mutí, tí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́, ẹni yẹn ti gbọ́n jù.

Nígbà tí ẹrù tó tẹ̀lé e ń bọ̀, mo purọ́ fún un pé mo fẹ́ lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Mo ti wọkọ̀ èrò kó tó jẹun àárọ̀. Mo dé pápákọ̀, mo bá obìnrin kan tó ń ta tíì ní iwájú ilé ẹrù, mo jókòó sí kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo fi ìborùn bo orí, mo fi awò ojú ẹ̀gbọ́n mi sójú. Ife tíì mẹ́rin ni mo mu. Obìnrin náà ní, “Ẹ̀gbọ́n, ta lẹ̀ ń ṣọ́?” Mo ní mi ò ṣọ́ ẹnì kankan. Ó ní, “Gbogbo ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ yẹn ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀.”

Agogo mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ọkọ̀ òfurufú náà balẹ̀. Kí agogo márùn-ún tó lù, ọkọ mi ti fọwọ́ síwèé, ó ti kó páálí márùn-ún sẹ́yìn ọkọ̀ wa. Mo ní ó yá, jẹ́ kí n rí ibi tó fẹ́ yà sí. Ó wa ọkọ̀ náà bí ogójì ìgbésẹ̀ péré, ó dúró lẹ́bàá ọgbà, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀ gbayawu kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, ó sì jókòó. Mo ń retí obìnrin náà. Agogo márùn-ún ààbọ̀, kò sí ẹni tó wá. Agogo mẹ́fà, kò sí ẹni tó wá. Oòrùn ti wọ̀, ilẹ̀ ń ṣú bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ṣì ń rí àmì tí wọ́n kọ sára ògiri dáadáa. Ìgbà yẹn ló sọ̀ kalẹ̀. Ó fi ọwọ́ lé ara ọkọ̀, ó ń tọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀ẹsẹ̀ títí ó fi dé ẹ̀yìn, bí ẹni tó ń wá nǹkan lára rẹ̀. Ó mú ike omi kan, ó kọjú sí ọ̀dọ̀ wa.

Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo ju ìborùn sílẹ̀, mo yọ awò ojú, mo lọ dúró síwájú rẹ̀ gan-an, kò ju ìgbésẹ̀ méjì lọ, mo gbé ọwọ́ méjèèjì sí ìbàdí. Mo ń dúró kó bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò. Ó kọjú sí mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tẹrí ba díẹ̀. Ó ní, “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè mú mi dé ibi ẹ̀rọ omi? Àwọn ọmọ adìẹ ni mo fẹ́ fún lómi.”

Ọ̀rẹ́ mi, ọkọ mi ni o. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ó tún ní, “Ẹ má bínú, mi ò mọ ẹni tó dúró.” Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Bí ọwọ́ mi ṣe kan tirẹ̀, ike omi náà bọ́ sílẹ̀. Ó ní, “Ìyá àwọn ọmọ?” Mo ní, “Èmi ni.” Ó ní, “Láti ìgbà wo lo ti dúró síbẹ̀?” Mo ní ó ti pẹ́.

A jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, láàárín àwọn ọmọ adìẹ, ó sì rò ó fún mi. Ó ní ó ti tó ọdún méjì. Lọ́sàn-án, òun ń ríran rekete, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti wọ̀, ńṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n fi aṣọ bo gbogbo ayé. Ó fara dà á fún ìgbà díẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lọ́dún tó kọjá, tó ń gbé ẹrù wa bọ̀, ìyá kan tó pọn ọmọ ń sọdá títì, kò rí i rárá, igbe ìyá náà ló gbọ́. Ó ní ẹsẹ̀ méjì ló kù kí òun gbá wọn. Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti wa ọkọ̀ mọ́ lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Á dúró síbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́ kedere, á máa fi ọmọrí ike bu omi fún àwọn ọmọ adìẹ, ṣùgbọ́n bí kò ṣe ríran, mélòó ló lè fún? Mo ní, “Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?” Ó ní ọkọ̀ wíwà nìkan niṣẹ́ tóun mọ̀, òun ò fẹ́ di ẹni tí wọ́n ń fà lọ́wọ́ nínú ilé ara òun. Ó wá ní, “Ojoojúmọ́ ni mo ń retí pé wàá ká mi mọ́. O kàn ń wo ibòmíràn.”

Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì bí mi lẹ́ẹ̀kan náà. Mo bi í nípa rẹ. Mo ní nígbà tí mo ń pe ọ̀rẹ́ mi ní òpùrọ́ nínú yàrá wa, ṣé ẹ ò gbọ́ ni? Ó ń fi àtàǹpàkò pa orí ọmọ adìẹ kan. Títí di òní, a kì í sọ̀rọ̀ náà tán kí ọ̀kan nínú wa tó dìde kúrò níbẹ̀.

Mo ti mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ojú. Ó ní kì í ṣe ohun tí awò lè tún ṣe, ṣùgbọ́n ìríran ọ̀sán rẹ̀ lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èmi náà ti ń kọ́ ọkọ̀ wíwà, ní ọjọ́ orí mi yìí! Ọkọ mi ló ń kọ́ mi láàárọ̀, a sì ń jà láti ilé dé ojú títì. Ó ní mo máa ń wo dígí ẹ̀yìn ju iwájú lọ, bí ẹni tí wọ́n ń lé. Wọ́n ti fún mi níwèé àṣẹ. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, èmi ni mo wakọ̀ láti pápákọ̀ wálé pẹ̀lú àwọn ọmọ adìẹ lẹ́yìn. Mẹ́rin ló kú.

Mo lọ bá akọ̀wé ilé ẹrù, ó bá mi wá ẹ̀dà gbogbo ìwé ọdún kan jáde, agogo tí ọkọ̀ balẹ̀ wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó kọjá agogo mẹ́rin ààbọ̀. Mo fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ, mo kọ ọ́ pé irọ́ ni mo pa mọ́ ọ, mo sì ní kó dá ọ padà sí yàrá rẹ. Kò tíì fèsì. Mi ò mọ̀ bóyá ó ń tijú ni tàbí ó ń ro nǹkan mìíràn. O mọ̀ mí, mo ti ń fura sí i. Bí kò bá fèsì títí òṣùpá tuntun á fi yọ, mo ń bọ̀. Mi ò wọ ọkọ̀ òfurufú rí, àyà mi sì ń já, ṣùgbọ́n mo ti gba ìwé ìrìnnà. Màá dúró níwájú rẹ̀, níwájú gbogbo àwọn tó ń nu ẹyin, màá sọ ọ́ lẹ́nu ara mi. Bí o kò bá fẹ́ rí mi, kọ “má wá” ránṣẹ́ sí mi. Màá gbà á bí o ṣe kọ ọ́, mi ò ní wá ìtumọ̀ mìíràn sí i.

Mi ò bẹ̀ ọ́ pé kí o dárí jì mí lónìí. Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bà ọ́ lórúkọ jẹ́ mọ́ bí mo ṣe bà á jẹ́. Kó fún orúnkún rẹ ní okun, kó jẹ́ kí o gbé ọmọ-ọmọ rẹ jó, kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ gbè ọ́, kí àlàáfíà má ṣe kúrò nínú ilé rẹ. Àmín.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tó ṣẹ̀ ọ́, tó sì mọ̀ pé òun ṣẹ̀.

Àfikún: Ọkọ mi ní kí n fi àyè sílẹ̀ fún òun. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ èyí tó kàn, níbi oòrùn lẹ́nu ọ̀nà:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀rẹ́ ìyàwó mi. Nígbà tó kọ ìwé yẹn sí ọ̀gá yín tán, ó kà á sí mi létí, ó bi mí pé ṣé kí òun fi ránṣẹ́. Mo ní kó fi ránṣẹ́. Èmi ni mo gbé e lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Ọ̀sán gangan ni, mo sì rí orúkọ yín nínú rẹ̀ kedere.